Kí Ọ̀kankan Má Bọ́ Nínú Iye
Kẹ̀kẹ́ kékeré onímágnẹ́ẹ̀tì ló ń yí nínú YF-S201, ike tí wọ́n ń so mọ́ páìpù láti wọn omi. Lítà omi kan á fi àmì iná bíi 450 ránṣẹ́. Bí ẹ̀rọ tó ń ka àmì náà bá ní kí òun máa yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òmíràn á kọjá lójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni interrupt ti ń gbayì. Lórí Arduino Uno, kọ̀ǹpútà kékeré orí pátákó, ojú ìso 2 àti 3 ló wà fún un: bí àmì bá ti dé, ẹ̀rọ á pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì, á fi ọ̀kan kún iye, á sì padà síbi tó ti dúró.

Ọgbọ́n pọ̀ jù níbi kíka iye náà jáde. Ẹ̀rọ bit 8 ni Uno. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa ń bu nọ́ńbà bit 32, àmì tuntun sì lè já wọlé láàárín, kó da iye náà rú. Oníṣẹ́ gidi á ti interrupt pa díẹ̀, á ṣe ẹ̀dà iye, á tún ṣí i. Àmì tó bá dé nígbà náà kò sọnù (ọ̀kan péré ni ẹ̀rọ lè fi pamọ́ o, kó má pẹ́!).

Ti rotary encoder, bọ́tìnnì tí a ń yí tó ń ka ìyípo, le jù, torí irin inú rẹ̀ máa ń gbọ̀n. State machine, ètò tó ń tọ ipasẹ̀ ipò tí encoder wà, mọ ipò mẹ́rin: 00, 01, 11, 10. Bó bá gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀, +1 (ìṣísẹ̀ síwájú) àti -1 (ìṣísẹ̀ sẹ́yìn) á pa ara wọn rẹ́. Èyí dára ju kéèyàn máa fi delay (ìdádúró díẹ̀) bo gbígbọ̀n náà mọ́lẹ̀ lọ.