Ojú Àlejò, Ẹnu Onílé: Lámèyítọ́ Èrò Leo Frobenius lórí Ilé-Ifẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ èrò tí arìnrìn-àjò ará Jámánì kan, Leo Frobenius, kọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ṣe àbẹ̀wò sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1910. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe àìsí ìyìn ni ó ba èrò náà jẹ́. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé kò ka orúkọ ibi tí ó dé àti ọ̀rọ̀ ẹnu onílé sí ẹ̀rí. A fi iṣẹ́ Heinrich Barth ní Kánò wé tirẹ̀, a sì dábàá bí àwa olùkọ́ ṣe lè tún ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbà kọ ìjábọ̀ àbẹ̀wò ṣe.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kò sọ pé àlejò fọ́jú. Ojú rẹ̀ là, ó sì ń wò, ṣùgbọ́n ohun tí yóò jẹ́ kí ohun tí ó ń wò yé e kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ onílé ni ó wà. Ìdí nìyí tí ìwé ìrìn-àjò fi yẹ ní ohun tí à ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ bí a ti ń ṣe ti ìtàn-àrokọ àti ewì. Ẹni tí ó lọ wo ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó sì kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ kò ṣe àkọsílẹ̀ ojú lásán. Ó yan ohun tí ó kà sí ẹ̀rí, ó yan ẹni tí ó gbà gbọ́, ó sì yan ẹni tí kò bi ní ìbéèrè rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́. À ń kó akẹ́kọ̀ọ́ NCE lọ sí ààfin, sí orí òkè àti sí mùsíọ́ọ̀mù, a sì ń ní kí wọ́n kọ ìjábọ̀. Ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ náà jọ ara wọn: àkókò tí ọkọ̀ gbéra, oúnjẹ tí wọ́n jẹ, pé ibẹ̀ rẹwà púpọ̀, àti pé òyìnbó báyìí ni ó ṣàwárí ibẹ̀ ní ọdún báyìí. Àwọn ọmọ náà kò dá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Inú ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ, àwọn ìwé náà sì ní orísun. Frobenius wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà yìí sílẹ̀, ìdí nìyí tí a fi yàn án.

Ohun tí Frobenius rí àti ohun tí ó sọ

Ní ìparí ọdún 1910 ni Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ó ń gbafẹ́ kiri. Ayàwòrán wà pẹ̀lú rẹ̀, ògbufọ̀ ni ó sì ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí kò gbọ́ Yorùbá. Ní Igbó Olókun ni ó ti rí orí idẹ kan tí ó dádé, tí àwọn olùsìn ibẹ̀ ń tọ́jú. Orí náà wù ú dé ibi pé ó sanwó kí ó lè di tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì ní kí ó dá orí náà padà. Síbẹ̀, àwọn orí alámọ̀ mélòó kan bá a dé Jámánì, wọ́n sì di ti mùsíọ́ọ̀mù ní Berlin.

Ìwé tí ó kọ, Und Afrika sprach, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1912. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, The Voice of Africa, jáde ní 1913. Nínú rẹ̀, kò fi ìyìn ṣahun. Ó gbé iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ sí ẹgbẹ́ iṣẹ́ àwọn Gíríìkì àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti yin iṣẹ́ náà ni ó gbà á kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ tí Plato ròyìn pé òkun bò mọ́lẹ̀, ni wọ́n gúnlẹ̀ sí etí òkun wa, tí wọ́n fi ọgbọ́n wọn sílẹ̀, àti pé Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì, ni Olókun. Àwọn tí ó bá ní Ifẹ̀ kò tó ẹni tí ó lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ìran tí ó ti rẹ̀yìn ni ó pè wọ́n.

Àkọlé ìwé náà gan-an yẹ ní yíyẹ̀ wò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Áfíríkà sọ̀rọ̀. Ta ni ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù, èyíinì ni ẹni tí ó ṣe àwọn ère wọ̀nyí, Plato ni ó ń fèsì. Ará Ifẹ̀ wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń fi ọ̀nà hàn, tí ó ń gbẹ́lẹ̀, tí ó sì ń ta nǹkan. Kò sí níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Orúkọ tí kò bèèrè ìdí rẹ̀

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Frobenius gbọ́ orúkọ náà, Olókun, ṣùgbọ́n òkun nìkan ni ó gbọ́ nínú rẹ̀. Ìbéèrè tí orúkọ náà ń béèrè fún ni pé: kí ni ìlú tí ó jìnnà sí òkun báyìí ń fi igbó Olókun ṣe? Onílé kò ní wá èsì lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nínú ìtàn Ifẹ̀, Olókun jẹ́ aya Odùduwà, ó sì jẹ́ ọlọ́rọ̀. Lọ́dọ̀ Yorùbá, òun ni ó ni ọrọ̀, òun ni ó sì ni ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ọrọ̀ ọba, òun náà ni a fi ń mọ adé. Nítorí náà, igbó Olókun ní Ifẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ìlẹ̀kẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ nípa omi.

Ẹ̀rí èyí kò fara sin. Ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì yíyọ́ lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ wà. Frobenius pàápàá rí wọn, ó sì kọ nípa wọn. Ní ìgbà tiwa, awalẹ̀pìtàn Abidemi Babatunde Babalola wa ilẹ̀ Igbó Olókun, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sì gbé àbájáde jáde láti 2017. Wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó lé ní 12,000. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn èròjà inú gíláàsì náà yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Yúróòpù àti ti àwọn Lárúbáwá, àti pé Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Ohun tí orúkọ náà ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá ni ìwádìí ti lẹ́yìn.

Bákan náà ni ti orí idẹ. Ní 1938, àwọn tí ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí idẹ mìíràn tí iye wọn lé ní mẹ́wàá. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ ilé tún kan òmíràn ní Ìta Yemòó, Frank Willett sì wa ilẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀rúndún 12 sí 15 ni àwọn onímọ̀ gbé àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sí. Kò sí Atlantis kankan nínú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Frobenius kò lè mọ èyí ní 1910. Lóòótọ́, kò lè mọ ọjọ́ orí idẹ náà. Ṣùgbọ́n orúkọ ibẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìkòkò wà ní ojú kan náà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó sọ wọ́n papọ̀ fún un ni kò ní, nítorí kò wá a.

Ìyìn tí ó ń gba ohun ẹni

Àwọn kan lè sọ pé a le jù. Frobenius ni ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn Yúróòpù gbọ́ pé Áfíríkà ní ọ̀làjú. Léopold Sédar Senghor àti Aimé Césaire ka ìwé rẹ̀, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé ó fún wọn ní ìgboyà ní àsìkò tí wọ́n nílò rẹ̀. Òótọ́ ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Wọlé Ṣóyínká ń sọ̀rọ̀ níbi ẹ̀bùn Nobel ní 1986, Frobenius wà lára àwọn tí ó dárúkọ láti fi hàn bí ènìyàn ṣe lè bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọnà kí ó sì tẹ́ńbẹ́lú ọmọ ẹni tí ó ṣe é.

Kí ni ó fà á tí àwọn méjèèjì fi yàtọ̀? Èrò tiwa ni pé ibi tí oníkálukú dúró sí ni. Senghor àti Césaire ń ka ìwé náà láti òkèèrè, wọ́n sì mú ohun tí ó wúlò fún wọn nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni ó ń kà á bí ẹni tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣojú rẹ̀ tí a kò bi ní nǹkan kan. Fún un, ìyìn náà kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó wọ ilé wa, tí ó ní ọ̀ṣọ́ ara ògiri dára, tí ó wá ń béèrè ilé ẹni tí a ti jí i gbé.

Arìnrìn-àjò tí ó gbédè

Kí a má baà rò pé gbogbo àlejò ni ó rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ará Jámánì mìíràn, ní ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú wa níbí mọ̀ dáadáa. Heinrich Barth dé Kánò ní 1851. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán an níṣẹ́, ọ̀rọ̀ òwò sì wà lọ́kàn àwọn tí ó rán an. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní ọmọ onílé. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè Lárúbáwá, ó sì kọ́ Haúsá. Nígbà tí ó ń ròyìn ìlú náà, orúkọ àwọn àdúgbò ni ó tò sílẹ̀ bí àwọn ará Kánò ṣe ń pè wọ́n, Dala sì wà nínú wọn. Ó kọ nípa aṣọ aláró Kánò, ibi tí wọ́n ń tà á dé àti bí òwò náà ṣe ń bọ́ ìlú. Àwọn òpìtàn ṣì ń lo ìwé rẹ̀, tí ó jáde láàárín 1857 sí 1858, títí di òní.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò sí nínú ìwà rere. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ibi tí ó dé lè gbọ́ ìdáhùn tí kò retí. Ẹni tí kò gbọ́ ọ, tí kò sì fọkàn tán ẹni tí ó ń túmọ̀ fún un, ohun tí ó gbé ti ilé wá ni yóò gbé padà.

Ohun tí ó kan olùkọ́

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣe náà, ṣàwárí. Ohun tí kò sọnù kì í ní àwárí. Àwọn ìwé kan sọ pé H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, ni ó ṣàwárí àwọn ère òkúta Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní 1933. Lóòótọ́, òun ni ó jẹ́ kí ìjọba mọ̀ nípa wọn, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ní 1945 ni mùsíọ́ọ̀mù dúró níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ àwọn ère náà kí ó tó dé. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ kí ó kọ ni pé àwọn ará ìlú ni wọ́n mú un mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí a má gbé ọ̀rọ̀ onílé mì láìjẹ ẹ́. Ìtàn Èsìẹ́ ní ènìyàn ni àwọn ère náà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó di òkúta. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè rẹ́rìn-ín sí i, òmíràn lè dà á kọ bí ó ti rí. Àwọn méjèèjì kò tíì kà á. Ẹni tí ó bá kà á dáadáa yóò rí i pé àwọn tí ó ń sọ ìtàn náà kò sọ pé baba wọn ni ó gbẹ́ ère. Wọ́n ń sọ pé àwọn bá a níbẹ̀ ni. Ẹ̀rí pàtàkì nìyẹn, ó sì jẹ́ òótọ́ inú tí Frobenius kò kà sí ara wa.

Nítorí náà, a dábàá pé kí ìjábọ̀ àbẹ̀wò ní ìpín mẹ́rin. Èkíní, orúkọ ibẹ̀ ní èdè àwọn tí ó ni ín àti ìdí orúkọ náà; ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èkejì, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí. Ẹ̀kẹta, ohun tí ó gbọ́, pẹ̀lú ipò ẹni tí ó sọ ọ́: àwòrò ni, akọ̀wé mùsíọ́ọ̀mù ni, tàbí awakọ̀ tí ó gbé wọn wá. Ẹ̀kẹrin, ohun tí òun rò, kí èyí sì gbẹ̀yìn. Èdè wa ti fún wa ní ohun èlò iṣẹ́ yìí: a rí i, a gbọ́ pé, wọ́n ní, a rò pé. Ẹ jẹ́ kí á máa yọ máàkì fún ẹni tí ó bá da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kódà bí Yorùbá rẹ̀ bá dùn létí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá gbọ́ èdè ibi tí a kó wọn lọ, kí a so ó pọ̀ mọ́ ẹni tí ó gbọ́ ọ nínú kíláàsì. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Haúsá, Ígbò, Yorùbá àti àwọn mìíràn ti jọ ń jókòó, ògbufọ̀ kò wọ́n wa.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé èrò Frobenius lórí Ilé-Ifẹ̀ kò ṣìnà nítorí pé ó kórìíra ohun tí ó rí. Ó fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé ó fẹ́ gbé e lọ. Ó ṣìnà nítorí pé ó gba ère ní ẹ̀rí, kò sì gba ènìyàn. Àwọn tí à ń kọ́ lónìí ni yóò duro níwájú àwọn ọmọdé lọ́la, tí wọn yóò máa sọ fún wọn ẹni tí ó ni òkè, odi àti ère tí ó wà ní àdúgbò wọn. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n jáde láì mọ bí a ṣe ń bi onílé léèrè, àlejò ni wọn yóò jẹ́ ní ìlú baba wọn, tí wọ́n lójú tí wọn kò fi ríran.