Orúkọ Ilé, Ẹ̀yà Òkèèrè: Àríwísí lórí Orúkọ àti Ohun-èlò Ààbò ní Agbègbè Creek Road

Ìfáàrà
Yorùbá gbà pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ yìí lo òye náà láti ṣe àtúpalẹ̀ orúkọ tó jẹ mọ́ ààbò ìlú. Èrò wa ni pé orúkọ lè sọ ẹni tí ó ni nǹkan, ṣùgbọ́n kì í sọ ẹni tí ó rọ ọ́.

Orúkọ ní etí omi
Apapa ni Creek Road wà, nítòsí agbègbè Ajégúnlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ òpópónà náà. Yorùbá pọ́ńbélé ni Ajégúnlẹ̀, ibi tí ajé gúnlẹ̀ sí. Ní Apapa kan náà ni ibùdó ọmọ ogun ojú omi tí ń jẹ́ Beecroft wà. Orúkọ yìí ni John Beecroft jẹ́, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nídìí ogun tí wọ́n fi lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè Èkó ní 1851. Ẹni tí ó mọ ìtàn yóò gbọ́ ìró ìbọn nínú orúkọ náà.

Ti àwọn ọkọ̀ ogun tí àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ wa fúnra wọn kàn yàtọ̀. Andoni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, Karaduwa ní 2016, Oji ní 2021. Orúkọ ilẹ̀ wa ni gbogbo wọn. Ìlọsíwájú gidi ni èyí.

Ohun tí orúkọ kò sọ
Síbẹ̀, ọkọ̀ ogun òde òní kì í ṣe irin lásán. Rédà, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àti èyí tí ń júwe ọ̀nà, orí àwọn ègé tíńtínní tí à ń pè ní chip ni gbogbo wọn dúró lé. Ìdí nìyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ní ilé-iṣẹ́ MESA ní Sandia, Albuquerque, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú ègé bẹ́ẹ̀ fún ohun ìjà wọn. Nàìjíríà dá DICON sílẹ̀ ní 1964, ìbọn àti ọta sì ni wọ́n ń rọ ní Kaduna. Ṣùgbọ́n a kò tíì ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe chip. Òkèèrè ni ó ti ń gúnlẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
A kò bu ẹnu àtẹ́ lu orúkọ ilé. Ṣùgbọ́n Ògún tí à ń kì ní jagunjagun, alágbẹ̀dẹ ni pẹ̀lú. Bí àgbẹ̀dẹ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ náà ni ogun wà. Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ń kọ́ni ní orúkọ Yorùbá jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ohun méjì: Ta ni ó sọ ọ́? Ta ni ó rọ ọ́? Níwọ̀n ìgbà tí ìdáhùn méjèèjì bá ṣì yàtọ̀, ààbò wa kò tíì pé.