Nígbà Tí Àna Gbàjọba: Lámèyítọ́ Eré Aurion

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dé Enzo Kori-Odan ládé ní ìlú Zama, ọjọ́ náà gan-an ni ìgbéyàwó òun àti Erine. Ọjọ́ ọ̀hún náà ni Ngarba, arákùnrin ìyàwó, dìtẹ̀ gbàjọba, tọkọtaya sì di èrò ìgbèkùn. Bí Aurion: Legacy of the Kori-Odan ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, eré orí kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Kiro'o Games ṣe. Àwọn tó hun ìtàn yìí mọ ibi tí yóò ti dunni jù. Àna ni ọ̀tá. Ìdílé tí ó yẹ kí Enzo máa dọ̀bálẹ̀ fún ló lé e kúrò lórí ìtẹ́, ọmọ ìdílé náà ló sì ń bá a rìn lójú ọ̀nà.

Kò sí bí ọmọ Ẹ̀pẹ́ yóò ṣe gbọ́ èyí tí kò ní rántí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó ìgbà kan rí. Ní 1845 ó lé Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò lórí oyè Èkó. Nígbà tó di òpin 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lé òun náà, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń gbógun wá sí Èkó, ibẹ̀ náà ló ti ṣe àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1854, kó tó padà sílé ní 1862. Ìtàn ọba tó ń wá agbára kiri kó lè padà sórí oyè kì í ṣe àjèjì létí ọ̀sà wa.

Yaoundé, olú-ìlú Kamẹrúùnù, ni Kiro'o wà. Láti 2003 ni Olivier Madiba, olùdásílẹ̀ rẹ̀, ti ń ro eré yìí. 2013 ni ilé iṣẹ́ náà tó ṣílẹ̀kùn. Ìpín ni wọ́n tà fún ẹnikẹ́ni tó bá gbà wọ́n gbọ́, kí owó lè wọlé. Ní 2015 wọ́n tún bẹ gbogbo ayé lórí Kickstarter, ìkànnì ìkówójọ, wọ́n sì rí ohun tó lé ní 40,000 yúrò. Oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni eré náà jáde lórí Steam, ìsọ̀ eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní gbogbo àkókò yìí, iná ń lọ, iná ń bọ̀. Ìyẹn yé àwa ará Ìkòròdú dáadáa: ibùdó Ẹgbin, tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, wà lẹ́yìnkùlé wa, síbẹ̀ a ṣì ń tan jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyà tí wọ́n jẹ fi máàkì kún máàkì wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ká wò.

Iṣẹ́ náà sì ní ọgbọ́n nínú. Agbára tí Enzo fi ń jà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ogún àwọn baba ńlá Kori-Odan ni. Bí òye rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára náà ń gba ìrísí tuntun, ẹni tó ń ṣe eré náà sì lè da ìrísí pọ̀ mọ́ra kí òmíràn lè yọ jáde. Ọ̀pọ̀ eré ni yóò kàn fún jagunjagun ní idà tó mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Níbí, ìran ẹni àti èrò ọkàn ẹni ni ohun ìjà. Ẹni tí wọ́n ti ki oríkì rẹ̀ rí, tí orí rẹ̀ wú, kò nílò àlàyé kankan. Ìjà fúnra rẹ̀ yá, ó sì jọ ti àwọn eré ilẹ̀ Japan, ṣùgbọ́n aṣọ, àwọ̀ àti ìlù ti ilẹ̀ Áfíríkà ni, wọ́n sì gún régé.

Ohun tó ba eré yìí jẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ àsọjù. Orí ìwé tó ń jáde lójú kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wà, kò sí ohùn tó ń sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀ láti inú Faransé sì le koko. Ẹ̀dá-ìtàn á dúró sójú kan, á máa ṣàlàyé ìṣèlú àti ìwà olórí bí olùkọ́ níwájú kíláàsì. Fágúnwà náà ń wàásù nínú ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rin ọ̀nà, kí iwin yọ, kí ẹ̀rù bani, ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń dùn. Kiro'o kò tíì fọkàn tán àwòrán àti ìjà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe pé wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ náà.

Orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé e sí náà fi ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀. Lọ sí Èbúté Ìkòròdú láàárọ̀, níbi tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi: fóònù ló wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ilé iṣẹ́ náà pàápàá padà ṣe eré orí fóònù, Le Responsable Mboa.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára jù ni Erine. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń jà, ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú irú eré báyìí, tí tọkọtaya kì í ti í sábà jẹ́ aṣáájú ìtàn. Síbẹ̀ Enzo ni à ń darí, Erine kàn ń fi agbára tirẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ojú Enzo ni a fi ń wo gbogbo rẹ̀. Arákùnrin Erine ló gbàjọba, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló sì ti gbà á. Nínú gbogbo ẹ̀dá-ìtàn Aurion, kò sí ẹni tí yíyàn rẹ̀ le tó tirẹ̀. Bí Kiro'o bá tún padà sí Zama, ọwọ́ Erine ni kí wọ́n fi ìtàn náà sí.