Olóòtú Tó Mọ “Ulé”

Òǹkọ̀wé ará Ìjerò tàbí Arámọkọ ní Èkìtì tó fi “ulé”, bí wọ́n ṣe ń pe “ilé” níbẹ̀, sí ìyá àgbà lẹ́nu nínú ìtàn mọ ohun tó ń ṣe. Olóòtú tó bá sáré sọ ọ́ di “ilé” ti gba ohùn lẹ́nu ìyá náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn olóòtú tó ń béèrè kó tó pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Kí ẹ tó gba olóòtú síṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fún un ní ojú ìwé márùn-ún nínú ìwé yín láti tún ṣe. Ẹ wo ohun tó tún ṣe, ẹ sì wo ohun tó fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn. Ohun tó fi sílẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi.

Ayàwòrán tí yóò yàwòrán sínú ìwé yín ńkọ́? Bruce Onobrakpeya ló yàwòrán sínú ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún ìwé Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1968. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá. Ẹ sanwó olóòtú àti ayàwòrán yín pé, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé.