Ìṣẹ́jú Kan Péré ni Wọ́n Fi Ń Bẹ̀rẹ̀

Ní 1996, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, ṣètò eré sísá tí ìyá rẹ̀ náà lè bá a ṣe. Couch to 5K ni wọ́n ń pè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, títí ẹni tí kò sáré rí á fi dé kìlómítà 5.

Sùúrù inú rẹ̀ ló wuyì jù. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, olùbẹ̀rẹ̀ á kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 5 rìn kánmọ́kánmọ́. Lẹ́yìn náà, á rọra sáré fún ìṣẹ́jú àáyá 60, á rìn fún 90, á tún sáré, títí ogún ìṣẹ́jú á fi pé. Ẹni tó ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán lè rò pé eré ọmọdé ni. Rárá o! Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè mọ́ iṣẹ́ yìí lára ju oríkèé àti egungun lọ. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ ìsinmi fi wà láàárín.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló ń dẹ́rù bani. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ìṣẹ́jú 8 lẹ́ẹ̀mejì ni, pẹ̀lú ìrìn láàárín. Lọ́jọ́ kẹta, ìṣẹ́jú 20 gbáko, kò sí ìrìn kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá rọra ń sá a, tó ṣì lè dáhùn bí wọ́n bá kí i lójú ọ̀nà, ló ń parí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, ti gbé ètò náà sórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ibẹ̀ dé parkrun, eré kìlómítà 5 ọ̀fẹ́ ti àárọ̀ Sátidé, tó bẹ̀rẹ̀ ní Bushy Park, Lọ́ńdọ̀nù, ní 2004.