Ọwọ́ Tí Kò Ní Orúkọ: Lámèyítọ́ Lórí Ìròyìn GitLab ti Ọdún 2017

Ìròyìn tí GitLab, ilé-iṣẹ́ tí ń bá àwọn akọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà tọ́jú iṣẹ́ wọn, gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2017 lórí dátábéèsì rẹ̀ tí ó parẹ́ ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ló ti yìn ín fún òtítọ́ inú rẹ̀. Àwa náà yìn ín, ṣùgbọ́n ibi tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ sí kò tẹ́ wa lọ́rùn.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní, òṣìṣẹ́ kan tí ó rò pé orí ẹ̀rọ kejì ni òun wà pàṣẹ pé kí a pa ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́. Ẹ̀rọ kìíní, tí àwọn oníbàárà ń lò, ni. Kí ó tó dá àṣẹ náà dúró, nínú nǹkan bí 300 gígábáìtì, 4.5 péré ló ṣẹ́kù. Wọ́n wá ẹ̀dà ìpamọ́ lọ. Irinṣẹ́ tí ó yẹ kí ó máa ṣe ẹ̀dà jẹ́ ti PostgreSQL 9.2, dátábéèsì sì jẹ́ 9.6, kò ṣe ẹ̀dà kankan. Ímeèlì tí ì bá kìlọ̀ fún wọn kò wọlé. Èyí tí ó yọ wọ́n ni ẹ̀dà tí òṣìṣẹ́ kan ṣe ní nǹkan bí wákàtí 6 ṣáájú, nítorí iṣẹ́ mìíràn. Ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún aráyé nígbà náà fi hàn pé ọwọ́ kan náà ló ṣe ẹ̀dà yìí tí ó sì pa dátábéèsì rẹ́. Ìròyìn ọ̀hún kò tẹnu mọ́ èyí.

Àṣà ìpàdé ìbojúwẹ̀yìn ni ó tẹ̀lé. Norman Kerth, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2001, ló là á sílẹ̀ pé kí a gbà pé olúkúlùkù ṣe ìwọ̀n tí òye rẹ̀ mọ. Àwọn ẹgbẹ́ Agile sì gbà á lò. Ó dára, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà yóò purọ́. Ṣùgbọ́n kí a má dárúkọ ẹni tó ṣèṣì yàtọ̀ sí kí iṣẹ́ má ní olúwa. Ìròyìn náà jẹ́wọ́, lẹ́yìn ọ̀wọ́ ìbéèrè gígùn, pé ìdánwò ẹ̀dà ìpamọ́ kì í ṣe ojúṣe ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣèlérí láti yan ẹnì kan; síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó ṣíwájú.

Àléébù kan wà tí kì í ṣe ti GitLab nìkan. Ìpàdé ìbojúwẹ̀yìn ń bi òṣìṣẹ́ léèrè ohun tí ojú wọn rí. Ẹ̀dà tí a kò ṣe kò hàn sójú ẹnikẹ́ni, kò sì pariwo. Àfi bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀dà àná kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ mìíràn, tí ó sì wo inú rẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò máa jíròrò lé lórí.