Àga Ọba àti Àga Wèrè

Mo ti wo sinimá tí wọ́n ń pè ní The Madness of King George, èyí tí Nicholas Hytner darí ní 1994 láti inú eré tí Alan Bennett kọ. Ọ̀rọ̀ Ọba George Kẹta ni, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ní 1788, tí àrẹ̀mọ rẹ̀ sì fẹ́ di adelé lójú ayé baba. Nigel Hawthorne ni ó ṣe ọba. N kò mọ̀ pé n óò ṣàánú ọba Gẹ̀ẹ́sì rí, ṣùgbọ́n mo ṣàánú rẹ̀.

Ìtọ̀ ọba dà bí aró, ìránṣẹ́ rí i, ó sọ ọ́, àwọn oníṣègùn kò kà á sí. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ gbọdọ̀ wojú ọba láìgbàṣẹ. Ará Ìkẹ́rẹ́ ni mí, èyí kò ṣe mí ní kàyéfì; àwa tí a kì í sọ pé ọba kú, báwo ni a ó ti ṣe sọ pé orí rẹ̀ dàrú? Nígbà tí Willis oníṣègùn dé, ó ní kí wọ́n de ọba mọ́ àga. Bí wọ́n ti ń dè é, orin Handel tí wọ́n fi ń gbé adé lé ọba wọn lórí láti 1727 ni ó ń dún. Ibẹ̀ ni mo gbà fún wọn.

Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe ẹ̀tọ́ fún olorì. Helen Mirren mọ eré ṣe, síbẹ̀ ìwọ̀nba tí wọ́n fún un kò tó nǹkan. Ẹ wo òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà láàárín 1910 sí 1914, tí ó wà ní Chicago nísinsìnyí: ọba jókòó, ó kéré, ìyàwó àgbà, ẹni tí í gbé adé lé e lórí, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ fíofío. Ọlọ́wẹ̀ mọ ẹni tí ó gbé ọba ró.

Àrẹ̀mọ wọn ńkọ́? Apanilẹ́rìn-ín lásán ni wọ́n fi í ṣe. Ọ̀rọ̀ àrẹ̀mọ kì í ṣe ẹ̀rín. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ ó ń bá Aláàfin kú ni, kí ó má baà kánjú ikú baba rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa àṣà náà tì fún Adélù, Kúrunmí Ìjàyè kọ̀ ọ́, ogun sì dé ní 1860.

Ní ìparí, ọba sáré dé ilé ìgbìmọ̀ kí òfin adelé tó kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ kàn yá ní 1789 ni, òfin náà sì kú. Àìsàn náà tún padà, ọmọ di adelé ní 1811, baba sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1820. Ọdún mẹ́sàn-án yẹn ni èmi ìbá fẹ́ wò.